Àárò Kásẹ́ẹ̀tì: Kí Ló Dé Tí Ọpọlọ Wa Fi Ń Retí Orin Tó Kàn?

Lónìí, orin àtijọ́ la fẹ́ fi ojú sáyẹ́ǹsì wò. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín á ti máa rẹ́rìn-ín: ọmọ tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, kí ló mọ̀ nípa kásẹ́ẹ̀tì? Òótọ́ ni. Nígbà tí mo dáyé, sídíì ti gba ipò lọ́wọ́ kásẹ́ẹ̀tì. Kí n tó wọ yunifásítì, fóònù ti gbà á lọ́wọ́ sídíì. Ṣùgbọ́n físíìsì ni mò ń kà, òòfà sì ni iṣẹ́ tí mò ń ṣe nínú láàbù. Ẹni tó bá mọ òòfà ti mọ ìdajì kásẹ́ẹ̀tì.

Ohun tí mo fẹ́ ká jọ rí nìyí: ẹni tí àárò àkójọ orin rọ́ọ̀kì àtijọ́ ń sọ, kì í ṣe àárò orin nìkan ló ń sọ ọ́. Àárò bí àwọn orin yẹn ṣe tẹ̀ lé ara wọn wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ̀rọ ayé ìgbà yẹn ló to àwọn orin náà bẹ́ẹ̀, ọpọlọ sì kọ́ ètò náà sórí. Tí a ò bá ṣọ́ra, bí a ṣe ń gba orin wọ̀nyí là, a máa sọ ètò yẹn nù.

Kí ni àárò gan-an?

Ní 1688, akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn kan tó ń jẹ́ Johannes Hofer kọ ìwé ní yunifásítì ìlú Basel, ní Switzerland. Ó rí i pé àwọn tó jìnnà sílé máa ń ṣàìsàn nítorí pé ilé ń wù wọ́n. Ó mú ọ̀rọ̀ Gíríìkì méjì, ọ̀kan túmọ̀ sí ìpadàsílé, èkejì túmọ̀ sí ìrora, ó so wọ́n pọ̀, ó fi sọ àìsàn náà lórúkọ. Ẹ ò rí i pé àìsàn ni wọ́n kọ́kọ́ pe àárò!

Àwa Yorùbá kì í sọ pé a ní àárò bí ẹni ní ibà. A máa ń sọ pé àárò ń sọ wá. Àárò fúnra rẹ̀ ló ń ṣe iṣẹ́, àwa ló ń ṣe é sí. Ó sì jọ pé ohun tí ọpọlọ ń ṣe gan-an nìyẹn, nítorí pé orin kì í gba àṣẹ kó tó gbé èèyàn padà sẹ́yìn.

Petr Janata, onímọ̀ kan ní University of California ní Davis, gbé ìwádìí jáde ní 2009. Ó mú kí àwọn èèyàn dùbúlẹ̀ sínú ẹ̀rọ MRI tó ń ya àwòrán ọpọlọ, ó sì ń fi orin tó gbajúmọ̀ nígbà èwe wọn sí etí wọn. Nígbà tí orin kan bá mú ìrántí ayé ẹni náà fúnra rẹ̀ wá, apá kan ní iwájú ọpọlọ, lẹ́yìn iwájú orí níbí, máa ń ṣiṣẹ́ gan-an. Ibẹ̀ wà lára ibi tí ọpọlọ ti ń ronú nípa “èmi”: èmi wo nìyí, ibo ni mo ti wá. Ìdí nìyẹn tí orin kan fi lè rán ọ létí yàrá kan, òórùn kan, àti ẹni tí ẹ jọ jókòó.

Àkójọ kan tó di ìlú mọ̀ọ́ká

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan. Ní 1972, ilé iṣẹ́ Elektra ní Amẹ́ríkà gbé àwo àkójọ orin kan jáde tí wọ́n pè ní *Nuggets*. Lenny Kaye, akọ̀ròyìn orin ní New York tó wá di onígìtá fún Patti Smith, ló ṣa àwọn orin náà jọ. Orin 27 ni, wọ́n wà lórí àwo méjì. Púpọ̀ nínú àwọn tó kọ wọ́n jẹ́ ọ̀dọ́ tó kó ẹgbẹ́ jọ nílé bàbá wọn láàárín 1965 sí 1968, tí wọ́n ṣe àwo pẹlẹbẹ kékeré kan tàbí méjì, tí ayé sì fẹ́ gbàgbé wọn. Ọdún mẹ́rin péré ló wà láàárín 1968 àti 1972, síbẹ̀ orin wọ̀nyẹn ti ń dàwátì ní ṣọ́ọ̀bù.

Orin tó ṣíwájú nínú *Nuggets* jẹ́ ti ẹgbẹ́ The Electric Prunes. Èyí tó tẹ̀ lé e jẹ́ ti The Standells. Ẹgbẹ́ méjèèjì ò gbìmọ̀ pọ̀ pé kí orin wa tẹ̀ lé ara wọn. Lenny Kaye ló fi wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti gbọ́ àwo yẹn fún ọdún bíi mélòó kan, tí ti Electric Prunes bá ti ń parí lọ, ó ti ń gbọ́ gìtá Standells nínú orí rẹ̀.

Ní 1998, ilé iṣẹ́ Rhino tún *Nuggets* ṣe, wọ́n fi orin kún un títí ó fi di 118 lórí sídíì mẹ́rin. Kí ni wọ́n ṣe sí 27 àkọ́kọ́? Wọ́n fi gbogbo wọn sórí sídíì kìíní, wọn ò tú wọn ká. Ó dá mi lójú pé ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀ mọ ohun tó ń ṣe.

Ẹ̀rọ ló ń to orin

Ẹ lè máa rò ó pé ó wu ẹni tó ń ṣe àkójọ ló ṣe to orin bó ṣe tò ó. Rárá o. Físíìsì náà dá sí i.

Ẹ wo àwo ńlá, LP, tó jáde ní 1948. Ó ń yí ìgbà 33⅓ ní ìṣẹ́jú kan. Tí a bá pín ìṣẹ́jú-àáyá 60 sí 33⅓, a máa rí i pé yíyí kan ń gba ìṣẹ́jú-àáyá 1.8. Ní etí àwo, níbi tí orin àkọ́kọ́ wà, yíyí kan gùn tó nǹkan bíi sẹ́ńtímítà 92. Nítòsí àárín, níbi tí orin ìkẹyìn wà, yíyí kan ò ju sẹ́ńtímítà 38 lọ. Àkókò kan náà ni, ìṣẹ́jú-àáyá 1.8, ṣùgbọ́n àyè tí ohùn ní ti dín sí ìdajì, ó tilẹ̀ kéré sí i. Bí ẹni ń gbìyànjú láti kọ gbólóhùn kan náà sórí ìwé tó ti kéré ni: lẹ́tà á fún pọ̀. Ohùn tó ń han gooro, bíi ti pẹrẹsẹkẹ onírin tí wọ́n ń lù nínú orin rọ́ọ̀kì, kì í mọ́ dáadáa mọ́ níbẹ̀. Nítorí náà, orin tó le, tó ń pariwo, wọ́n sábà máa ń fi ṣíwájú, orin jẹ́jẹ́ wọ́n á fi parí ojú àwo. Ẹni tó bá ti gbọ́ àwo rọ́ọ̀kì púpọ̀ á mọ ohun tí mò ń wí.

Ẹ tún wo 8-track, kásẹ́ẹ̀tì ńlá tí Bill Lear ṣe ní Amẹ́ríkà ní 1964, tí Ford bẹ̀rẹ̀ sí í fi sínú ọkọ̀ ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Tépù inú rẹ̀ kò ní ìbẹ̀rẹ̀, kò ní òpin. Òbìrìkìtì ni, ó ń yí lọ láìdúró. Ojú ọ̀nà ohùn mẹ́jọ wà lórí rẹ̀, méjì-méjì sì ni wọ́n ń ṣiṣẹ́, torí náà apá mẹ́rin ni. Apá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbọ́dọ̀ gùn dọ́gba, torí pé tépù kan náà ni. Orin kì í sábà pín sí mẹ́rin dọ́gba, àbí? Ilé iṣẹ́ á wá tún orin tò kó lè bá àyè mu. Nígbà mìíràn, wọ́n á gé orin kan sí méjì: ohùn á rọra lọ sílẹ̀, ẹ̀rọ á dún “kọ́!”, orin á tún bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó dúró. Àwọn tó dàgbà pẹ̀lú rẹ̀ mọ ibi tí “kọ́!” yẹn wà nínú orin bíi pé ara orin ni.

Kásẹ́ẹ̀tì kékeré tiwa wá ńkọ́? Lou Ottens àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé iṣẹ́ Philips ló ṣe é, wọ́n sì fi hàn ní Berlin ní 1963. Ottens kọ́kọ́ gé pákó kékeré kan tó lè wọ àpò kóòtù rẹ̀, ó ní bí kásẹ́ẹ̀tì náà àti ẹ̀rọ rẹ̀ ṣe gbọ́dọ̀ mọ nìyẹn. Tépù inú rẹ̀ fẹ̀ ní mílímítà 3.81, ó sì ń sáré sẹ́ńtímítà 4.76 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò: kásẹ́ẹ̀tì C60 ní ìṣẹ́jú 30 lójú kan. 4.76 × 60 × 30 jẹ́ 8,568 sẹ́ńtímítà, ìyẹn nǹkan bíi mítà 86. Ẹ fojú inú wo ọ̀já tó gùn ju ìdajì pápá bọ́ọ̀lù lọ dáadáa, nínú ohun tó wọ àpò ẹ̀wù.

Orí ọ̀já yẹn ni òòfà wà. Lẹ́búlẹ́bú irin tó ti dógùn-ún ni wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ ọn lára. Ohùn á di iná, iná á di òòfà, òòfà á to lẹ́búlẹ́bú náà síhìn-ín sọ́hùn-ún bí ohùn ṣe ń lọ sókè sódò. Nígbà tí tépù bá tún kọjá níwájú orí ẹ̀rọ, òòfà á padà di iná, iná á padà di ohùn. Ó tán. Kò sí idán níbẹ̀.

Ohun tó ṣe pàtàkì fún ọ̀rọ̀ wa ni pé o ò lè fo orin bó ṣe wù ọ́. Kó o tó dé orin karùn-ún, àfi kí o kọjá lára mẹ́rin tó ṣáájú, tàbí kí o máa fi báírò yí i títí. Ó sú èèyàn, ó sì rọrùn láti jẹ́ kó máa lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ètò orin ṣe wọ inú orí, ọdún lé ọdún.

Ìdákẹ́jẹ́ tó wà láàárín orin méjì

Ní 2009 kan náà, Amber Leaver, Josef Rauschecker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Georgetown University ní Washington ṣe ìwádìí tí mo fẹ́ràn púpọ̀. Wọ́n lo sídíì tí àwọn èèyàn mọ̀ dunjú. Wọ́n á fi ìparí orin kan sí etí wọn, wọ́n á sì dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn gan-an ni wọ́n fẹ́ wò. Ẹ̀rọ MRI fi hàn pé ọpọlọ ò dákẹ́ rárá. Iwájú ọpọlọ àti àwọn apá tó máa ń múra sílẹ̀ kí ara tó ṣe nǹkan ti ń ṣiṣẹ́. Nínú ìdákẹ́jẹ́ ẹ̀yìn orin tí wọn ò mọ̀, kò rí bẹ́ẹ̀. Ọpọlọ ti ń kọ orin tó kàn kí ó tó dé.

Mo ti rí èyí pẹ̀lú ojú mi. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan wà tí gbogbo wa ń pè ní Dádì Ìbàdàn. Ní ìgbà èwe wọn, wọ́n san owó fún ẹni tó ń ta àwo kó gba orin rọ́ọ̀kì oríṣiríṣi sórí kásẹ́ẹ̀tì kan fún wọn: Santana, Hendrix, BLO, gbogbo ẹ̀ pọ̀. Ẹ̀rọ tó ń lò ó ti bàjẹ́ tipẹ́. Ní ọdún tó kọjá, mo fi orin Santana kan sí wọn létí lórí fóònù mi. Orin náà parí. Kí n tó tẹ nǹkan kan, Dádì ti ń fi ìka lu orí àga, wọ́n ń hán orin mìíràn.

“Dádì, orin wo lẹ ń kọ yẹn?”

“Orin tó kàn ni.”

“Kò sí lórí fóònù yìí o, sà.”

Wọ́n wò mí bíi pé èmi ni mi ò mọ nǹkan tí mò ń sọ. “Ṣebí òun ló kàn.”

Lóòótọ́, òun ló kàn. Kò sí ibì kankan láyé tí ó ti kàn bẹ́ẹ̀ àyàfi lórí kásẹ́ẹ̀tì yẹn àti nínú orí Dádì.

Ti ilé wa ńkọ́?

BLO tí mo dárúkọ yẹn, ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì Èkó ni wọ́n. Orúkọ náà wá láti ara Berkley Jones, Laolu Akins àti Mike Odumosu. Àwo wọn àkọ́kọ́, *Chapter One*, jáde ní 1973. Nígbà tó yá, irú àwo bẹ́ẹ̀ di ohun àwátì nílé. Ilé iṣẹ́ òkè òkun ló wá ń ṣa orin rọ́ọ̀kì Nàìjíríà jọ: Soundway gbé *Nigeria Rock Special* jáde ní 2008, Now-Again sì gbé *Wake Up You!* jáde ní apá méjì ní 2016, pẹ̀lú ìtàn tí Uchenna Ikonne kọ sí i.

Iṣẹ́ tí Lenny Kaye ṣe fún àwọn ọ̀dọ́ Amẹ́ríkà ni àwọn yìí ṣe fún tiwa, a sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ètò tuntun ni wọ́n fún àwọn orin náà. Ẹni tó gbọ́ *Chapter One* ní Èkó ní 1973 ní ètò mìíràn nínú orí. Àwo tuntun gba orin là. Ètò àtijọ́ wà lọ́wọ́ ẹni tó ní àwo tàbí kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́, ìyẹn ìwọ àti èmi àti àwọn Dádì wa.

Kí ló ń pa kásẹ́ẹ̀tì?

Nǹkan mẹ́ta ni.

Èkíní ni ọ̀rinrin àti ooru. Gọ́ọ̀mù tó di lẹ́búlẹ́bú irin mú ni ibi tó ti máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́. Ọ̀pọ̀ tépù ńlá tí ilé iṣẹ́ orin lò láti àárín ọdún 1970 sí i ní gọ́ọ̀mù tó ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́. Tó bá yá, tépù á máa lẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ, lẹ́búlẹ́bú á sì máa bọ́ pẹ̀lú orin lára rẹ̀. Àwọn tó mọ iṣẹ́ máa ń fi tépù bẹ́ẹ̀ sínú ẹ̀rọ gbígbóná ní nǹkan bíi 54°C fún ọ̀pọ̀ wákàtí kí omi lè kúrò, kí wọ́n lè gba ohùn náà kíákíá. Ẹ má dán an wò nínú ófùnù ilé yín o! Kásẹ́ẹ̀tì kékeré kì í sábà ní àrùn yìí. Tirẹ̀ ni pé ó máa ń bu bíi búrẹ́dì tó pẹ́, tàbí kí tìmùtìmù kékeré tó ń ti tépù mọ́ orí ẹ̀rọ já bọ́.

Èkejì ni òòfà fúnra rẹ̀. Tépù wé mọ́ra, ọ̀já lórí ọ̀já. Òòfà ọ̀já kan lè ran èyí tó wé mọ́ ọn. Ìdí nìyẹn tí o fi lè gbọ́ orin kan fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀. Ó pa mí lẹ́rìn-ín nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á: tépù náà ń retí orin tó kàn.

Ẹ̀kẹta ló burú jù. Ẹ̀rọ ń tán. Ní 2019, UNESCO àti IASA, ẹgbẹ́ àwọn tó ń tọ́jú ohùn àti àwòrán, kìlọ̀ fún gbogbo ayé pé tó bá máa fi di nǹkan bíi 2025, ẹ̀rọ tó lè ka tépù dáadáa á ti ṣọ̀wọ́n gan-an. Tépù lè wà ní àlàáfíà kó má sì sí ẹni tó lè gbọ́ ọ. Àwọn tó lè sọ fún wa pé orin wo nìyí, ta ló ń lu gìtá yẹn, àwọn náà ń dàgbà.

Ohun tí a lè ṣe

Tí kásẹ́ẹ̀tì bá wà nílé yín, ẹ ṣe báyìí:

1. Ẹ ṣẹ́ etí kékeré méjì tó wà lẹ́yìn kásẹ́ẹ̀tì náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣèèṣì gba nǹkan mìíràn lé e lórí.

2. Ẹ gbé e kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ spíkà ńlá. Òòfà wà nínú spíkà, ó sì lè ba tépù jẹ́.

3. Ẹ fi òwú àti ọtí ìfọgbẹ́ tí ilé oògùn ń tà nu orí ẹ̀rọ, kó gbẹ dáadáa kí ẹ tó fi kásẹ́ẹ̀tì sí i. Ẹ yí tépù lọ sí òpin, kí ẹ yí i padà lẹ́ẹ̀kan.

4. Ẹ gbà á sórí kọ̀ǹpútà bíi WAV, kì í ṣe MP3. Ní ìwọ̀n sídíì, ìyẹn 44,100 ìgbà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ojú kan C60 máa gba nǹkan bíi 318 MB. Ojú méjèèjì ò tó 1 GB. Fíìmù kan lórí fóònù lè jù bẹ́ẹ̀ lọ.

5. Èyí ló ṣe pàtàkì jù: ẹ gba ojú kan pọ̀ bíi fáìlì kan ṣoṣo. Ẹ má gé orin sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ fi ìdákẹ́jẹ́ àárín wọn sílẹ̀, pẹ̀lú “ṣììì” tí tépù ń ṣe. Tí ẹ bá fẹ́ gé e, ẹ gé ẹ̀dà, kì í ṣe ojúlówó.

6. Ẹ ya fọ́tò páálí rẹ̀ àti ohun tí wọ́n fi báírò kọ sí i. Kí ẹ tó tẹ̀ síwájú, ẹ jókòó ti ẹni tó ni ín, kí ẹ gba ohùn òun náà sílẹ̀ bó ṣe ń sọ ìtàn orin kọ̀ọ̀kan.

Ìdánwò kékeré

Kí ẹ tó lọ, ẹ mú àkójọ orin kan tí ẹ ti gbọ́ látìgbà èwe. Ìbáà jẹ́ rọ́ọ̀kì, ìbáà jẹ́ jùjú, kò sí ìyàtọ̀. Ẹ jẹ́ kí orin kẹta parí, kí ẹ dá ẹ̀rọ dúró síbẹ̀. Ẹ di ojú. Ẹ ka ení, èjì, títí dé ẹẹ́wàá.

Tí ẹ bá gbọ́ nǹkan kan nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn, ọpọlọ yín ló ń ṣe é. Kí ẹ̀rọ tó tán, ẹ lọ wá kásẹ́ẹ̀tì tó kọ́ ọ.